Etí Tó Gbọ́ Èdè Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì tí epo dúdú ò kúrò ní èékánná yín láti bí ogójì ọdún, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fọ ọkọ̀ yín títí ó fi ń kọ mọ̀nà kí ẹ tó gbé e wá síbí láàárọ̀ yìí, mo kí yín. Nígbà tí àwọn tó ṣètò ìjókòó yìí ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọkọ̀ àtijọ́ àti ọkọ̀ òde òní, mo bi wọ́n bóyá ẹni tó mọ ọkọ̀ ṣe ni wọ́n ń wá, àbí ẹni tó kàn fẹ́ràn ọkọ̀. Wọ́n ní ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, tó sì lè fara balẹ̀ gbọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ìyẹn ni mo ṣe gbà láti wá.

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti mọ ohun tí mo mọ̀ nípa ọkọ̀. Abẹ́ igi fúrúùtù kan ni, ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì tí bàbá mi máa ń gbé Píjò rẹ̀ lọ bá ní àràárọ̀ Sátidé. Ọkọ̀ náà lè má ní àrùn kankan lára. Bàbá mi á kàn ní kí wọ́n bá òun wo ọ́ìlì, wọn á wò ó tán láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, bàbá á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn á fi kan àtàrí. Àwọn mìíràn á ti wà níbẹ̀: tíṣà kan tó ní Volkswagen, akọ̀wé ìjọba kan tó ní Datsun, àti ìyá oníṣòwò kan tó ní ọkọ̀ akẹ́rù Bedford méjì, tí kò sí ọkùnrin kan níbẹ̀ tó mọ ọ̀rọ̀ táyà tó o. Kí ni wọ́n ń sọ? Ọkọ̀ náà ni. Ta ló gun òkè Ẹ̀fọ̀n Alààyè láìjẹ́ pé ọkọ̀ rẹ̀ gbóná? Èwo ló ń jẹ epo jù? Ṣé òótọ́ ni pé ọkọ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ rìn fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń pẹ́ láyé? Wọ́n á jiyàn títí, ẹnikẹ́ni ò sì ní gbà fún ẹnìkejì. Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n á tún padà wá.

Ọ̀gá mẹkáníìkì yẹn ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí ọkọ̀ aláìsàn bá dé, gbólóhùn kan náà ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: "Ẹ pa rédíò yẹn." Á ní kí ọmọṣẹ́ tẹ iná díẹ̀. Á mú sukurudíráfà gígùn kan, á fi ẹnu irin rẹ̀ lé orí ẹ́ńjìnnì, á fi ìdí rẹ̀ ti etí ara rẹ̀, á sì di ojú. Á sún un síwájú, á sún un sẹ́yìn, bí dókítà tó ń gbọ́ àyà ọmọ ọwọ́. Nígbà tó bá la ojú, á ní, "Táápẹ́ẹ̀tì kẹta ló ń ké." Wọ́n á tú u. Táápẹ́ẹ̀tì kẹta ni.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ó lóògùn ni. Mo dàgbà kí n tó mọ̀ pé irin ló ń bá a sọ̀rọ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, àlàfo kan wà láàárín irin tó jẹ́ ilẹ̀kùn fún epo àti afẹ́fẹ́ àti táápẹ́ẹ̀tì, irin tó ń tì í ṣí. Àlàfo náà kéré débi pé bébà fẹ́lẹ́ ló máa gba ibẹ̀ kọjá. Tí ó bá fẹ̀ jù, irin á máa lu irin, á máa ró ṣákaṣàka. Tí ó bá fún jù, ilẹ̀kùn náà ò ní lè padé dáadáa, iná á sì jó o. Ẹni tó mọ ìró náà ti mọ àrùn náà kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Ìmọ̀ gidi ni. Ohun tí mo wá sọ lónìí ni pé ìmọ̀ yìí àti àwọn àríyànjiyàn orí bẹ́ǹṣì yẹn wà nínú ìtàn wa bí ìtàn oyè àti ìtàn ogun ṣe wà nínú rẹ̀, a ò sì tíì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Píjò 504 wò. Ọdún 1968 ni àwọn Faransé gbé e jáde, ní 1969 wọ́n fi ṣe ọkọ̀ ọdún fún gbogbo Yúróòpù. Pininfarina, ilé ayàwòrán ọkọ̀ ní Ítálì, ló ya ìrísí rẹ̀: iná iwájú tó dà bí ojú ẹni tó ń ro nǹkan jinlẹ̀, àti ìdérí búùtù tó tẹ̀ sísàlẹ̀ lójijì bí ẹni pé wọ́n ṣẹ́ ẹ lórí eékún. Ní 1972 ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà bá Peugeot, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Píjò, tọwọ́ bọ̀wé láti máa tò ó níbí. Nígbà tó di oṣù kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Kàdúná ti bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Ẹ ṣàkíyèsí ọdún yẹn. Àsìkò owó Údọ́jì ni, tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba àjẹsílẹ̀ owó oṣù wọn lọ́wọ́ kan, tí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ ra alùpùpù, tí ẹni tó ń gun alùpùpù sì ń ronú ọkọ̀. Ọdún mẹ́ta ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, ni a kúrò ní apá òsì ọ̀nà bọ́ sí apá ọ̀tún, bí àwọn aládùúgbò wa ní Kútọnu àti Nìjẹ̀ ti ń ṣe. Ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, owó dé, ọkọ̀ náà sì dé. Kò yani lẹ́nu pé 504 di ọkọ̀ gbogbo ìlú.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Sípíríìnì rẹ̀ gùn, sọ́ọ̀kì rẹ̀ rọ̀, ó lè ki ẹsẹ̀ kan sínú kòtò kí ara rẹ̀ má mì púpọ̀. Eré ìje Safari ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, tí ẹrẹ̀ àti òkúta ibẹ̀ máa ń fọ́ ọkọ̀ wẹ́wẹ́, 504 ló gbà á ní 1975, tí Ove Andersson wà á. Oríṣi rẹ̀ kan tó ní ilẹ̀kùn méjì tún gbà á ní 1978. Nígbà náà, ẹni tó wọ 504 láti Ìbàdàn lọ sí Ṣakí ń jókòó nínú ọkọ̀ kan náà tó ti borí àwọn òkè Kẹ́ńyà. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí a tò ní ìjókòó ẹsẹ̀ mẹ́ta, ló sì wá jọba ní gáréèjì. Ẹni tó bá ń kánjú, tó sì lówó díẹ̀ lọ́wọ́, kì í wọ bọ́ọ̀sì: Píjò ló ń wọ̀. Faransé ti pa ọkọ̀ elérò náà tì ní 1983. Kàdúná ò pa á tì títí a fi wọ ọ̀rúndún tuntun.

Bàbá mi ra tirẹ̀ ní 1978, aláwọ̀ ògì. Lọ́jọ́ kan ní ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà, oòrùn ọ̀sán gangan, ó kú mọ́ wa lọ́wọ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Bàbá mi gba omi mímu lọ́wọ́ rẹ̀, ó rẹ àkísà, ó sì wé e mọ́ páǹpù epo. Páǹpù yẹn lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ti gbóná jù, epo ti di oru kó tó dé kábúrétọ̀, páǹpù ò sì lè fa oru. A jókòó sábẹ́ igi kòkó, a jẹ gúgúrú àti ẹ̀pà fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Bàbá wọlé, ó tan án. Ó dáhùn. N kò tíì gbàgbé ojú bàbá mi ní wákàtí yẹn, nítorí kì í ṣe ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Ọ̀tọ̀ ni ti Volkswagen kékeré, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá. Ẹni tó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ ti wo ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí róbótó, ó sì ti rí i pé, bí ọkọ Yánníbo nínú àlọ́, ọgbọ́n ló fi ń borí àwọn tó lágbára jù ú lọ. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, búùtù rẹ̀ wà níwájú. Kò ní rédíétọ̀ rárá, fáànù ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí irin lára, nítorí náà kò sí ẹni tó ń sáré wá omi odò kiri fún un. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe omi tó ń fọ gíláàsì iwájú: rọ́bà kan ni wọ́n so mọ́ táyà sípíà, afẹ́fẹ́ inú táyà náà ló ń ti omi jáde. Bẹ́tìrì sì wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Tíṣà tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kì í jẹ́ kí ẹni tó sanra jókòó sí apá ọ̀tún ẹ̀yìn, kí irin ìjókòó má baà tẹ orí bẹ́tìrì kó sì ṣáná. A rò pé ó ń fi ènìyàn wọ́lẹ̀ ni. Òun ló mọ ọkọ̀ rẹ̀.

Ọdún 1975 kan náà ni ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti Brazil ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú ẹ̀yà tí wọ́n ń tò níbẹ̀ wá. Orí mi wú nígbà tí mo mọ̀ ọ́n: ilẹ̀ tí wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ènìyàn wa lọ láyé òwò ẹrú tún wá ń fi ọkọ̀ ojú omi kó ọkọ̀ ilẹ̀ ránṣẹ́ sí Èkó. Ohun tí a ń pè ní Ìjàpá, Fusca ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún. Èyí tí wọ́n sọ ní Brasília, Igala ló ń jẹ́ níbí. Orúkọ ẹ̀yà kan ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè wa ni, ṣùgbọ́n etí Yorùbá ò lè gbọ́ ọ kí ó má ronú kan ìgalà inú igbó. Ìjàpá tó kẹ́yìn ní gbogbo àgbáyé jáde ní Mẹ́síkò ní oṣù keje ọdún 2003, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe ohun tó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí rẹ̀ díẹ̀. Yorùbá kì í jẹ́ kí nǹkan wọ inú ilé láìsọ ọ́ lórúkọ. Ọkọ̀ onípákó tí èrò ń fún mọ́ra wọn nínú rẹ̀, tí ìjà ò sì jìnnà, a ní Bọ́lẹ́kájà. Mercedes 911 akẹ́rù tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa kọ́ ilé lé lórí fún èrò Èkó, a ní Mólùè. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, tí òṣìṣẹ́ ò lè ra ọkọ̀ tuntun mọ́, tí àwọn àlòkù Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í gba èbúté Kútọnu wọlé, a wo ọkọ̀ tí wọ́n bí sẹ́yìn òkun tó wá ń padà bọ̀ wálé, a ní Tòkunbọ̀. Orúkọ ọmọ ènìyàn! Ìkíni wà nínú rẹ̀. A kò pè é ní àlòkù, a pè é ní ọmọ tó ti òkun bọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ náà ò fi orúkọ ṣeré. Camry kan wà tí ẹ ń pè ní Big Daddy, èyí tó tẹ̀lé e ní Muscle, èyí tó tún dé lẹ́yìn rẹ̀ ní Spider. Honda Accord ti jẹ́ Bulldog rí, ó ti jẹ́ End of Discussion, ó sì ti jẹ́ Evil Spirit. Kò sí èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é mọ̀ nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ẹnu àwọn oníṣòwò ọkọ̀ àti mẹkáníìkì ilẹ̀ wa ni wọ́n ti jáde. Àwọn àgbà kan máa ń bínú pé èdè Òyìnbó ni. Inú tèmi ò bà jẹ́. Ẹni tó ní "End of Discussion" ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan, ó ti jiyàn, ó sì gbà pé òun ti borí. Oríkì ni. Síbẹ̀, ó wù mí kí ọ̀kan nínú yín tún sọ ọkọ̀ kan lórúkọ bíi Tòkunbọ̀ kí n tó kú.

Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ọkọ̀ òde òní ti pa etí mẹkáníìkì. Wọ́n ní bréènbọ́ọ̀sì ló ń ronú fún un, wọ́n ní ẹni tí kò bá ní skánà kó lọ sùn. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Kábúrétọ̀ ti lọ. Sẹ́ńsọ̀ ló ń wọn afẹ́fẹ́, tó ń wo èéfín nínú sàléńsà, tó sì ń sọ fún bréènbọ́ọ̀sì iye epo tí yóò fọ́n. Láti 1996, gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ ní ojú ihò kan náà lábẹ́ sítíárìn, oníhò mẹ́rìndínlógún, tí skánà máa ń wọ̀. Èyí tó jẹ́ Tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà nínú ọkọ̀ tó wà níta yìí ní in.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní ọdún méjì sẹ́yìn. Ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí mo bá dúró nínú gòsíló, iná pupa rẹ́súrẹ́sú kan sì tàn níwájú mi. Mo gbé e lọ síbi kan tó mọ́ tónítóní, wọ́n fi skánà sí i, wọ́n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kan, wọ́n tún pààrọ̀ èkejì, owó ńlá lọ. Ọkọ̀ ò yéé gbọ̀n. Mo wá bá ọmọkùnrin réwáyà kan tí kò ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ, ní abẹ́ ibojì páànù. Òun náà fi skánà tirẹ̀ sí i. Nọ́ńbà jáde: P0171. Ó ṣàlàyé fún mi pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù fún iye epo tó ń wọlé. "Bàbá," ó ní, "skánà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sọ ẹni tó ṣe é." Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó pa fáànù ẹ̀rọ amúlétutù, ó wá yíjú sí mi: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi pa rédíò yẹn."

Ara mi bù máṣọ. Ó tẹ́ etí sí ẹ́ńjìnnì, orí rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ dì. Ó gbọ́ ọ: ṣìììì, bíi ìró ejò tó fara pamọ́. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń gbé afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ti là, afẹ́fẹ́ tí sẹ́ńsọ̀ ò wọ̀n sì ń gba ibẹ̀ wọlé. Iye tí mo san lórí rọ́bà náà ò tó owó oúnjẹ ọ̀sán. Mo bi í pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó dárúkọ ọ̀gá kan tó ti kú, tó jẹ́ pé Píjò ló ṣe títí ayé rẹ̀.

N kò sọ èyí kí n lè fi ọkọ̀ àtijọ́ gàn tuntun. Ẹni tó bá fẹ́ràn nǹkan gbọ́dọ̀ lè sọ àbùkù rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ tí a fẹ́ràn yìí pa wá. Púpọ̀ nínú wọn ò ní bẹ́líìtì ẹ̀yìn, kò sí èyí tó ní báàgì afẹ́fẹ́, bíréèkì wọn ò sì gbọ́n bíi ti òní. Wọlé Ṣóyínká dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977 nítorí òkú tó ń sùn sí ojú ọ̀nà. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó àpapọ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1988. Ẹni tó bá fẹ́ fi 504 rìn lóde òní, kó fi bẹ́líìtì tó dára sí i. Kò sí ẹwà kankan nínú kí á kú bí àwọn àgbà ṣe kú nínú jàǹbá.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń tọ́jú ọkọ̀ àtijọ́. Àwọn ẹbí wa ní Kúbà, níbi tí òwò ẹrú kó ọ̀pọ̀ wa lọ, ń ṣe ohun tó jọ tiwa. Àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà ọdún 1950 sí 1959 ṣì ń rìn ní Havana, nítorí ọkọ̀ tuntun láti Amẹ́ríkà ò wọlé mọ́ lẹ́yìn ìyípadà ìjọba. Chevrolet kan lè ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yọ lára nǹkan mìíràn, kí ẹ̀yà mìíràn sì jẹ́ èyí tí wọ́n fi ọwọ́ rọ. Níbẹ̀ náà, Ògún ló ni irin, àwọn awakọ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí àwọn tiwa ní Oǹdó àti Ilé-Ifẹ̀ ṣe mọ̀.

Àwọn kan ti ń bi mí nípa ọkọ̀ oníná. Kò ní táápẹ́ẹ̀tì, kò ní púlọ́ọ̀gì, kò ní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Ó ń bọ̀ wá dandan, pàápàá lẹ́yìn oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí ẹni tó ń gbé ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ti ń fi ẹsẹ̀ rin apá kan ọ̀nà. Òun náà á ní ìró tirẹ̀. Béárìn tó fẹ́ bà jẹ́ á máa ké, yálà iná ló ń yí i tàbí epo.

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò le. Ẹ fi fóònù yín gba ohùn àwọn ọ̀gá wọ̀nyí sílẹ̀, ní Yorùbá, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an. Ẹ gba ohùn ẹ́ńjìnnì náà sílẹ̀, èyí tó dá ṣáṣá àti èyí tó ń ṣàìsàn, kí ọ̀gá sì sọ ìyàtọ̀ wọn. Ẹ fetí sí èdè wọn dáadáa, ẹ ó rí nǹkan. Wọ́n á ní ọkọ̀ ń jẹ ọ́ìlì, kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀, jíà ò wọlé, bẹ́tìrì kú, táyà pá, ẹ́ńjìnnì ń ké. Orúkọ irin la yá lọ́wọ́ Òyìnbó. Ìṣe irin, tiwa ni: jíjẹ, yíyọ̀, wíwọlé, kíkú, kíké. Àwọn tó sọ èdè wa di èdè irin ò jókòó sí yunifásítì. Abẹ́ ọkọ̀ ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ wọn ti lọ, ọ̀gá abẹ́ igi fúrúùtù mi wà nínú wọn, kò sì sí gbólóhùn rẹ̀ kan lórí ẹ̀rọ níbikíbi, àfi èyí tó wà lórí mi.

N kò ní pẹ́ jù. Bàbá kan wà láàárín wa tí 504 wọn wà lábẹ́ igi máńgòrò níta, tí wọ́n ti gbà láti tan án fún wa. Mo rí sukurudíráfà gígùn lọ́wọ́ ọ̀gá tó jókòó tì wọ́n. Ẹ jẹ́ ká jáde. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín wà nítòsí ibẹ̀, ẹ dákun, ẹ bá wa pa rédíò.